Craig, Wesley, Kingsley: Ìtàn Orúkọ Ìdílé Òyìnbó Tó Di Orúkọ Ọmọ Wa

Ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà nílùú Àkúrẹ́, wọn kì í pẹ́ gé orúkọ èèyàn kúrú. Fọ́ọ̀mù ìjọba ní àyè mẹ́ta: orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́, orúkọ mìíràn. Èyí tí èèyàn bá kọ sí àyè àkọ́kọ́ ni yóò dúró ní pípé lórí fáìlì rẹ̀. Àwọn tó kù yóò di létà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe é lára pátákó ilé ẹ̀kọ́, lórí ìwé ìkésíni àti lórí òkúta ibojì. Orúkọ tí ọ̀rọ̀ yìí ń bà jẹ́ jù ni orúkọ òyìnbó tó wà láàárín, pàápàá irú èyí tó jẹ́ pé orúkọ ìdílé ni lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín, tí àwa wá fi sọ ọmọ. Létà kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn tó gùn ló wà lẹ́yìn létà náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo ọmọ Oǹdó mọ̀. Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí ló kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ní Ondo Boys' High School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1919. Òun náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Oǹdó láàárín àwọn ọdún 1960, tó ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ báyìí. Àwọn olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí tí orúkọ Adéyẹmí wà lórí rẹ̀ kò lóǹkà. Wọ́n wà ní gbogbo ìlú ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ bi wọ́n pé kí ni M. C. jẹ́ ní kíkún, ẹ ó rí i pé àwọn tó lè dáhùn kò pọ̀.

Moses Craig Akínpẹ̀lúmi Adéyẹmí ni bàbá náà ń jẹ́. Orúkọ mẹ́rin ni, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbà wá yàtọ̀ síra. Moses ti inú Bíbélì wá, orúkọ ìsàmì tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Akínpẹ̀lúmi jẹ́ orúkọ àbísọ, irú èyí tí ìdílé akíkanjú ń sọ ọmọ. Orúkọ àbísọ ni Adéyẹmí náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀; àwọn baba wa kò ní orúkọ ìdílé bí ti òyìnbó, oríkì orílẹ̀ la fi ń mọ ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé, tí wọ́n ní kí ọmọ wá pẹ̀lú orúkọ bàbá, ni orúkọ tí wọ́n sọ ẹnì kan ṣoṣo di orúkọ gbogbo ilé. Craig ní tirẹ̀ gba òdìkejì ọ̀nà yẹn. Orúkọ ìdílé ni láàárín àwọn ará Scotland. Nígbà tí yóò fi dé ara Adéyẹmí, ó ti di orúkọ ẹnì kan. Lára ọkùnrin kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì ti pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀.

Ìtumọ̀ Craig kò le. Nínú èdè Gaelic, èdè àtijọ́ àwọn ará òkè Scotland, àpáta ni wọ́n ń pè ní creag. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lẹ́bàá àpáta ni wọ́n ń fi àpáta pè, nígbà tó sì di pé kí olúkúlùkù ní orúkọ ìdílé, ó di Craig. Nítorí pé àpáta pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Craig ló jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìdànrè kọjá mọ̀ pé òkè lè sọ ilé lórúkọ. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni àkókò. Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni Craig di orúkọ ọmọ tó gbajúmọ̀ ní Britain àti Amẹ́ríkà. Nígbà yẹn, ó ti pẹ́ tí ọmọ Yorùbá kan ti ń jẹ́ ẹ ní Oǹdó.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò bá àṣà yìí nílẹ̀ láti ayébáyé. Ní ayé àtijọ́, orúkọ ìsàmì wọn kò pọ̀: John, William, Thomas, Richard, Robert; nínú ìwọ̀nba wọ̀nyẹn ni wọ́n ti ń yàn. Nígbà tí ìjọ England yapa kúrò lábẹ́ Róòmù láàárín ọdún 1530 sí 1540, agbára tí orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ní lórí òbí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tuntun. Bí ìyá ọmọ bá ti ìdílé ńlá wá, wọ́n á mú orúkọ ìdílé ìyá, wọ́n á fi sọ ọmọkùnrin, kí orúkọ ilé náà má baà parẹ́. Èyí tí ìtàn kò gbàgbé ni ti Guildford Dudley. Jane Guildford ni ìyá rẹ̀, Dudley sì ni bàbá rẹ̀, ni wọ́n bá so ìdílé méjèèjì pọ̀ sára ọmọ. Òun ló fẹ́ Jane Grey ní 1553, obìnrin tó jọba fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Wọ́n bẹ́ tọkọtìyàwó lórí ní oṣù Kejì ọdún 1554. Nígbà tí William Camden tẹ ìwé rẹ̀ lórí orúkọ àti àṣà Britain jáde ní 1605, ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò tíì pẹ́, tí kò sì sí níbòmíràn láàárín àwọn onígbàgbọ́, pé àwọn èèyàn òun ti ń fi orúkọ ìdílé sọ ọmọ.

Láti orí ìbátan, ó kọjá sí orí ẹni tí wọ́n ń wárí fún. Ọmọ tí wọ́n bí nílùú New York ní 1783, ọdún tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà parí, ni wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun George Washington sọ. Òun ló di òǹkọ̀wé tí ayé mọ̀ sí Washington Irving. Nelson náà jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀gágun orí omi Gẹ̀ẹ́sì kan kí olùkọ́ kan ní Qunu tó fi sọ ọmọ kékeré tí bàbá rẹ̀ ń pè ní Rolihlahla Mandela, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìwé.

Ọ̀nà tí àṣà náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa kún fún ìbànújẹ́ ju ti àwọn ọlọ́lá lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń dá ọkọ̀ ẹrú dúró lórí òkun, wọ́n sì ń já àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ ní Freetown, ní Ṣàró. Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn náà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ogun ilẹ̀ wa kó. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ṣí ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn, ó sì wá ọ̀nà láti rówó fi bọ́ wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń san pọ́ùn márùn-ún lọ́dún láti England lè yan orúkọ tí ọmọ kan yóò jẹ́. Orúkọ ẹni náà lódindi, orúkọ àkọ́kọ́ àti ti ìdílé, ni wọ́n máa ń gbé fún ọmọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti sọ ní Ọjọ́, tàbí Àìná, tàbí Dàda, bọ́ sínú ìwé lórúkọ àjèjì kan ní London tí kò ní fojú kàn láéláé. Mo mọ̀ pé owó náà bọ́ ọmọ, ó sì kọ́ ọmọ ní ìwé. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ òbí ni wọ́n tà níbẹ̀, nígbà tí òbí kò sí níbẹ̀ láti bá wọn du ú.

Àjàyí ọmọ Òṣoògùn ni gbogbo ayé mọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821; ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lórí òkun ní oṣù Kẹrin ọdún 1822; àlùfáà John Raban sì ṣèrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Samuel Crowther ni orúkọ tó gbà, orúkọ àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate, London, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ CMS. Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ iṣẹ́: ní England àtijọ́, ẹni tó ń ta ohun èlò olókùn kan tí wọ́n ń pè ní crowd ló ń jẹ́ ẹ, àwa ìbá pè é ní onígòjé. Bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà ru orúkọ onígòjé náà títí ó fi kú ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1891, kò sì jẹ́ kí Àjàyí sọnù láàárín rẹ̀.

Nínú ilé Crowther yìí gan-an la ti rí ìyípadà ńlá. Nígbà tó bí ọmọkùnrin kan ní 1844, kò sí ẹni tó san pọ́ùn márùn-ún fún un mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọmọ náà ní Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé CMS ní London nígbà náà. Dandeson Coates Crowther di àlùfáà, ó di áàṣìdíákónì ní Niger Delta, ó sì pẹ́ láyé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n fi tipá gbé ka orí bàbá ti di ohun tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ, láti fi bọlá fún ẹni tó mọ̀, tó ti bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kà sí ọjọ́ tí orúkọ ìdílé òyìnbó wọ àṣà ìsọmọlórúkọ wa, nítorí pé Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń fi orúkọ dúpẹ́ kó tó mọ òyìnbó.

Ọkọ Abigail, ọmọ Crowther, tún gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Ṣàró lọ́dún 1826 ni, Thomas Babington Macaulay ni wọ́n sì sọ ọ́. Babington tó wà láàárín orúkọ rẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìn. Ìlú kékeré kan ní Northumberland, ní àríwá England, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni oko àwọn èèyàn Babba kan. Ó di orúkọ ìdílé. Thomas Babington kan nínú ìdílé náà bá àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ arábìnrin Zachary Macaulay, ẹni tó ti ṣe gómìnà ní Ṣàró. Nígbà tí Zachary bí ọmọkùnrin ní 1800, ó fi orúkọ àna rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ náà ló di òpìtàn ńlá Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti dé ara ọmọ Yorùbá, tó wá dá ilé ẹ̀kọ́ CMS Grammar School sílẹ̀ nílùú Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1859. Ọmọ tí òun àti Abigail bí ní 1864 ni Herbert Samuel Heelas Macaulay, tí orí rẹ̀ wà lórí owó náírà kan wa nígbà kan. Gbogbo wa la mọ Herbert. Heelas tó wà láàárín, orúkọ ìdílé òyìnbó náà ni, létà H kejì ló sì bò ó mọ́lẹ̀.

Irú wọn pọ̀ ní Èkó ayé ìgbà náà. Henry Rawlinson Carr, ọ̀mọ̀wé tí àwọn ìwé rẹ̀ wà ní yunifásítì Ìbàdàn títí di òní, wà nínú wọn. Dókítà Curtis Crispin Adéníyì-Jones, tó bá Herbert Macaulay ṣòṣèlú, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ìdílé ni Curtis, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú èdè Faransé àtijọ́ sì ni ẹni tó mọ ìwà hù.

Àwọn kan kò gbà mọ́. Ní 1894, pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó ń jẹ́ David Brown Vincent, tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1860, bọ́ gbogbo orúkọ yẹn sílẹ̀ ó sì di Mọ́jọlà Àgbébí. Edmund Macaulay di Kìtóyè Àjàṣá. Àwọn kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ padà sí agbádá, wọ́n kọrin Yorùbá nínú ìjọ, wọ́n sì kọ̀wé pé orúkọ ẹni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rí oko ẹrú. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá lẹ́yìn wọn kò tẹ̀ lé wọn pátápátá. Wọ́n so ti ilé pọ̀ mọ́ ti òde.

Àkókò ìsopọ̀ yẹn ni ìgbàgbọ́ ń ta gbòǹgbò ní Oǹdó. Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ ti Ṣàró dé, ló wá ṣe iṣẹ́ CMS níbẹ̀ láti 1877. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ó fi kú ní 1906. Láti ọwọ́ irú àwọn àlùfáà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìdílé Oǹdó, Iléolújì àti Àkúrẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń yan orúkọ ìsàmì. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Kánọ́ọ̀nù Adéyẹmí tó wá lẹ́yìn wọn. Ní 1914, kó tó di ọ̀gá ilé ìwé ní Oǹdó, ó ti kọ ìwé ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ìgbà tirẹ̀, èdè Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Ẹni tó ń jẹ́ Craig ló jókòó kọ ìtàn àwọn Aláàfin ní èdè wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ èèyàn di òyìnbó sọ̀rọ̀ pọ̀.

Wesley gba ọ̀dọ̀ Ìjọ Elétò wọlé. Lóde òní, yunifásítì kan tí ìjọ náà dá sílẹ̀ ní 2007 ń jẹ́ Wesley nílùú Oǹdó. Wesley College ti wà ní Ìbàdàn láti 1905, níbi tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní 1927. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà. Kò sí bí àwọn ọmọ ìjọ tó ń kọjá lábẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní fi sọ ọmọ. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ mọ bí orúkọ náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí bó ṣe rí. Westley ni bàbá John Wesley, ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀, kọ́kọ́ ń jẹ́, Samuel ni orúkọ bàbá náà. Òun ló yọ t kúrò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ṣán nínú igbó, ní apá ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n bí John ní 1703, wọ́n sì bí àbúrò rẹ̀ Charles, tó kọ orin ìsìn lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́, ní 1707.

Nígbà tí Charles wà lọ́mọdé, olówó kan ní Ireland, Garret Wesley, tí kò bímọ, ní òun fẹ́ kó wá jogún òun. Charles kọ̀. Ni ọkùnrin náà bá fi ogún rẹ̀ fún ìbátan rẹ̀ mìíràn, Richard Colley, tó torí ogún náà gba orúkọ Wesley. Ọmọ ọmọ Richard ni Arthur Wesley, tí wọ́n bí ní 1769. Ní 1798, ìdílé náà yí orúkọ padà sí Wellesley. Arthur yìí ni Dúùkù Wellington tó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ní 1815. Ká ní Charles gba ogún ni, orin púpọ̀ nínú ìwé orin Ìjọ Elétò ì bá má sí, ìtàn ogun Yúróòpù sì lè gba ibòmíràn. Lára orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí wà.

Ẹni tó gbé ìjọ Wesley wá sí ilẹ̀ Yorùbá náà ru irú orúkọ yìí. Thomas Birch Freeman dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842. Birch, tó jẹ́ orúkọ igi kan ní ilẹ̀ òtútù, jẹ́ orúkọ ìdílé láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀.

Nínú ìjọ Àgùdà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọ tí wọ́n kọ ní 1917, tí wọ́n lò títí di 1983, ní kí àlùfáà rí i pé orúkọ onígbàgbọ́ ni ọmọ gbà. Bí òbí bá ta kú, kí àlùfáà fi orúkọ ẹni mímọ́ kan kún un, kó sì kọ méjèèjì sínú ìwé ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n bí ẹni mímọ́ bá ní orúkọ ìlú tàbí ìdílé lára, ọ̀nà là. Bí Xavier ṣe wọlé nìyẹn, tó jẹ́ pé ilé Francis Xavier ní ilẹ̀ Basque ni orúkọ náà ti wá. Aquinas College tó ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1951 náà ń jẹ́ orúkọ ìlú Aquino ní Ítálì, ibi tí ìdílé Thomas mímọ́ ti wá.

Kingsley ló kẹ́yìn dé, òun ló sì pọ̀ jù lónìí. Ìlú mélòó kan ló ń jẹ́ ẹ ní England, ọ̀kan ní Cheshire, ọ̀kan ní Staffordshire, òmíràn ní Hampshire. Ìtumọ̀ wọn kò yàtọ̀: ibi tí wọ́n ṣán nínú igbó ọba. Àwọn ìdílé mú un kúrò lára ilẹ̀. Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, òkìkí àlùfáà àti òǹkọ̀wé Charles Kingsley, tó gbé láyé láti 1819 sí 1875, gbé orúkọ náà lọ sí ilé àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀, Mary Kingsley, wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàárín 1893 sí 1895. Ó wọkọ̀ lórí odò, ó gbé láàárín àwọn èèyàn, ó sì padà lọ bá àwọn míṣọ́nnárì jiyàn ní England pé ẹ̀sìn àti òfin àwọn ará Áfíríkà ní ọgbọ́n nínú. Ó kú ní South Africa ní 1900, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun.

Ní Nàìjíríà, Kingsley Ozumba Mbadiwe, tí wọ́n bí ní 1915, ló sọ orúkọ náà di ohun tí etí gbogbo gbọ́ nínú òṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé K. O. ni àwọn èèyàn gé e sí. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà, Kingsley kan ti jókòó rí: Kingsley Kuku, ọmọ Ìjọ̀ Àrògbò, kí Ààrẹ Goodluck Jonathan tó fi í ṣe olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ Niger Delta ní 2011. Lójú tèmi, òkìkí Charles Kingsley kọ́ ló sọ orúkọ yìí di púpọ̀ láàárín wa. Ọba tó wà níwájú rẹ̀ ni. Ìlú tí orúkọ Adé pọ̀ sí bí Àkúrẹ́, ìlú Déjì, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé kó tó fẹ́ràn orúkọ tí ọba wà nínú rẹ̀. Àwọn òbí tó sọ ọmọ ní Kingsley gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n sì fi ṣàdúrà fún ọmọ. N kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Bí orúkọ ṣe ń di tiwa nìyẹn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n gé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú. Ìgbà yẹn ni Alágbàká bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òṣìṣẹ́ láti gbogbo ẹkùn, láti Èkìtì pàápàá kó tó di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1996. Àwọn tó dé nígbà náà jẹ́ ìran tí orúkọ wọn kún jù: ìsàmì, àbísọ, oríkì, orúkọ ìdílé òyìnbó tí bàbá wọn fi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí dókítà míṣọ́nnárì kan. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ wọn ń kọ létà yẹn sórí ìwé ìsìnkú láìmọ ohun tó jẹ́, mo sì ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mẹ́ta kọ létà àárín orúkọ bàbá wọn lọ́nà mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ tó kàn kò le. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ní irú létà bẹ́ẹ̀ láàárín orúkọ, ẹ bi àgbà tó kù nínú ilé léèrè lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò bá sí àgbà, ìwé ìrìbọmi wà nínú ìjọ. Ẹ tọ àlùfáà lọ, ẹ fún un ní ọdún tí wọ́n bí ẹni yín, kó bá yín ṣí i. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí orúkọ ọmọ, ti bàbá àti ìyá, ti àlùfáà tó ṣe ìrìbọmi, àti ti bàbá ìsàmì, tó máa ń jẹ́ òun gan-an lẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn kọ orúkọ ẹni náà ní kíkún sára ògiri, kí ọmọ tó ń wọlé lè kà á. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó dá ìwé ìrìbọmi padà fún àlùfáà, ẹ kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀ láìgé ọ̀kankan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.